Ìrìn-àjò Karoo: ìlú kéékèèké wo ló yẹ ká yà sí láàárín Johannesburg àti Cape Town?

Ọmọ_Ẹdẹ:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Lóṣù kẹsàn-án tó ń bọ̀, èmi àti ìyàwó mi fẹ́ wa mọ́tò láti Johannesburg lọ sí Cape Town. Màmá ìyàwó mi ń bọ̀ láti ilé, wọ́n á bá wa lọ. Ohùn kan náà ni gbogbo ẹni tí mo bá sọ fún fi ń dá mi lóhùn: ẹ gba N1, títì ńlá tó so ìlú méjèèjì pọ̀, ẹ má dúró, kò sí nǹkan kan ní Karoo, ilẹ̀ gbígbẹ tó wà láàárín South Africa, àfi igbó kúkúrú àti àgùntàn. Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà yẹn tó 1,400 kìlómítà, Karoo sì ni nǹkan bí 600 nínú rẹ̀, láti Colesberg títí dé ìtòsí Touws River. Ó ṣòro fún mi láti gbà pé ilẹ̀ tó fẹ̀ tó báyìí ṣófo.

Ọ̀sẹ̀ kan la ní. Màmá ti lé ní 70 ọdún, wọn ò lè gun òkè, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ràn ìtàn púpọ̀. Tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ lèèyàn ń sọ, ilẹ̀ á ṣú bá wọn lórí ìjókòó. Mọ́tò kékeré la fẹ́ yá. Ìlú wo la lè sùn sí, èwo la lè kàn yà wò, ọ̀nà wo ni ká má dán wò rárá?

Ọ̀nà_Jíjìn:
Iṣẹ́ mi ló ń gbé mi gba ọ̀nà yẹn, ẹ jẹ́ kí n gbèjà N1 díẹ̀. Títì gidi ni, ilé epo wà lójú ọ̀nà, ibi tí èèyàn lè ti jẹun wà. Oorun ló ń pa èèyàn níbẹ̀. Títì tọ́ gbọọrọ, tírélà pọ̀, òkè kan náà á wà níwájú yín fún wákàtí kan bí ẹni pé ẹ ò sún. Tí ojú bá ti ń wúwo, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ má wakọ̀ lálẹ́. Kudu, ẹran ìgbẹ́ ńlá oníwo lílọ́ yẹn, máa ń fò sọdá títì ní ìrọ̀lẹ́ àti lóru, tí ẹ bá sì kọlù ú, orí gíláàsì iwájú ló máa já lé. Eré tí òfin gbà ní N1 jẹ́ 120, ó jẹ́ 100 láwọn ọ̀nà yòókù lẹ́yìn ìlú, 60 nínú ìlú, àfi tí pátákó bá sọ nǹkan mìíràn. Ní R61, láàárín Beaufort West àti Aberdeen, wọ́n ní kámẹ́rà tó ń ṣírò àkókò tí ẹ fi ti ibì kan dé ibòmíràn. Kò wúlò kí èèyàn rọra lójú kámẹ́rà kó wá tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ìmọ̀ràn tèmi: ẹ sùn ní Colesberg, ẹ sùn ní Beaufort West, ó tán.

Àǹtí_Kápù:
@Ọ̀nà_Jíjìn, ẹ ṣé, ọ̀rọ̀ oorun àti kudu yẹn ò ní àríyànjiyàn. "Ó tán" yẹn nìkan ni mi ò gbà. Ẹni tó bá dúró lórí N1 láti òkè délẹ̀ kò tíì dé Karoo, ó kàn gba ibẹ̀ kọjá ni.

Ọmọ_Ẹdẹ, àbúrò mi, ẹ sùn ní Colesberg lóòótọ́, torí 600 kìlómítà àti díẹ̀ láti Johannesburg ti tó iṣẹ́ ọjọ́ kan fún Màmá. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ fi N1 sílẹ̀, ẹ gba N9 sọ̀ kalẹ̀ gba Middelburg lọ sí Graaff-Reinet. Kò ju bí 200 kìlómítà lọ. Ẹ fi oorun méjì tì síbẹ̀.

Ọdún 1786 ni wọ́n dá ìlú náà sílẹ̀, òun ló sì ṣìkẹrin nínú àwọn ìlú tí àwọn òyìnbó tẹ̀ dó ní South Africa. Ilé tí òfin ń dáàbò bò níbẹ̀ lé ní 200. Ògiri funfun, fèrèsé aláwọ̀ ewé, fáràǹdà tí àwọn arúgbó ń jókòó sí. Títì ìlú fẹ̀ gan-an, láti ìgbà kẹ̀kẹ́ akọ màlúù ló ti fẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí kẹ̀kẹ́ náà gbọ́dọ̀ rí ibi yí padà. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ọdún 1887 dúró sáàárín ìgboro. Kàtídírà Salisbury ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n wò kọ́ ọ.

Bí ìlú Karoo ṣe sábà máa ń rí nìyẹn: ṣọ́ọ̀ṣì láàárín, ilé yí i ká. Àwọn àgbẹ̀ tó wà lóko jíjìn máa ń wọ ìlú ní ìgbà mélòó kan lọ́dún láti wá gba Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Wọ́n á ta ọjà, wọ́n á ṣe ìgbéyàwó, wọ́n á sì sùn nínú ilé kékeré tí wọ́n kọ́ sígboro nítorí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ilé kéékèèké wọ̀nyẹn làwọn àlejò ń sùn sí lónìí.

Ẹ gbé Màmá lọ sí Valley of Desolation, lẹ́yìn ìlú gẹ́lẹ́, nínú ọgbà ẹranko Camdeboo. Ọlọ́dà ni ọ̀nà tó gun orí òkè náà, mọ́tò kékeré á gùn ún tìrọ̀rùntìrọ̀rùn, ibi tí ẹ máa páàkì sí ò jìnnà sí ibi ìwòran. Òpó òkúta tó ga tó 120 mítà ló dúró ṣanṣan níbẹ̀. Àpáta tó rọ̀ ti wó lọ láti ọdún gbọ́nhan, èyí tó le nìkan ló kù. Ẹ lọ nígbà tí oòrùn bá ń rọlẹ̀, ẹ sì béèrè aago tí wọ́n ń ti géètì.

Bísí_ń_rìn:
Ẹ forí jì mí tí mo bá já lu ọ̀rọ̀. Ìbéèrè tí kò sẹ́ni tó ń fẹ́ bi: báwo ni wọ́n ṣe ń gba aláwọ̀ dúdú tó bá yà sáwọn ìlú wọ̀nyí? Mo wo fọ́tò ilé àlejò lóríṣiríṣi, mi ò rí ẹnì kankan tó jọ mí nínú wọn.

Olùkọ́_Ìtàn:
Bísí, ìbéèrè gidi lo bi, ibẹ̀ gan-an ni mo sì fẹ́ bá wọlé.

Lákọ̀ọ́kọ́, ibi tí a ti sùn, tọwọ́tẹsẹ̀ ni wọ́n fi gbà wá. Kí èèyàn kọ́kọ́ kí wọn ló ń ṣí ilẹ̀kùn. Ní apá Graaff-Reinet àti Cradock, ẹ ó bá ọ̀pọ̀ tó ń sọ isiXhosa: "Molweni" fún èèyàn púpọ̀, "Molo" fún ẹnì kan. Tí ẹ bá ti wọ Beaufort West àti Prince Albert, Afrikaans ló gbòde, lẹ́nu dúdú àti funfun àti àwọn tí wọ́n ń pè ní Coloured, ìyẹn àwọn tó ti inú ìran oríṣiríṣi tó pò mọ́ra wá: "Goeie môre" láàárọ̀. Ẹ kí wọn kí ẹ tó béèrè ohunkóhun, ẹ ó rí i pé ojú wọn á tú ká.

Èkejì ni pé ìlú tí wọ́n fi sínú fọ́tò, ìdajì ìlú ni. Òfin Group Areas ọdún 1950 lé àwọn tí kì í ṣe òyìnbó kúrò nígboro. Ní Graaff-Reinet, Kroonvale ni wọ́n kó àwọn Coloured lọ. uMasizakhe ni location, àdúgbò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú. Ẹni tó bá rìn ní ìgboro ẹlẹ́wà yẹn tí kò sọdá sí òdìkejì, kò tíì mọ ìlú náà.

Uncle Ọmọ_Ẹdẹ, tí Màmá bá fẹ́ràn ìtàn, uMasizakhe ni wọ́n ti bí Robert Sobukwe lọ́dún 1924. Ọmọ tálákà ni, ó kàwé dé Fort Hare, ó sì di olùkọ́ èdè ilẹ̀ Áfíríkà ní Yunifásítì Witwatersrand ní Johannesburg tí ẹ̀ ń gbé yẹn. Ọdún 1959 ló di ààrẹ àkọ́kọ́ fún PAC, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń bá ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà jà. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta 1960, ó fi ìwé ìrìnnà tí òfin ní kí aláwọ̀ dúdú máa mú kiri sílẹ̀ nílé, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá pé kí wọ́n mú òun. Ọjọ́ yẹn náà ni ọlọ́pàá yìnbọn pa èèyàn 69 ní Sharpeville.

Ọdún mẹ́ta ni kóòtù fún un. Nígbà tó pé, ìjọba ò dá a sílẹ̀. Wọ́n ṣe òfin kan tó jẹ́ pé òun nìkan ni wọ́n lò ó fún, wọ́n ń tún un ṣe lọ́dọọdún, wọ́n sì fi í sínú ilé kan lóun nìkan ní Robben Island, erékùṣù ẹ̀wọ̀n, títí di 1969. Lẹ́yìn náà, wọ́n há a mọ́ Kimberley. Ibẹ̀ ló kú sí lọ́dún 1978, wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ wálé. Sàréè rẹ̀ wà ní Graaff-Reinet. Ẹ gbé Màmá débẹ̀. Ẹ wá ọmọ ìlú kan mú yín lọ, kó gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Ìyẹn dára ju kí ẹ máa fi máàpù wá ọ̀nà kiri nínú àdúgbò ẹlòmíì.

Tí ẹ bá ráyè, Cradock, tí ìjọba ti yí orúkọ rẹ̀ padà sí Nxuba, kò ju bí 140 kìlómítà sí Graaff-Reinet. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin tí ọlọ́pàá ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà jí gbé tí wọ́n sì pa ní oṣù kẹfà 1985, ibẹ̀ ni ìjà wọn ti bẹ̀rẹ̀: Matthew Goniwe, Fort Calata, Sparrow Mkhonto àti Sicelo Mhlauli. Tíṣà ni Goniwe. Mi ò lè kọ orúkọ yẹn kí n má dúró díẹ̀.

Ọmọ_Ẹdẹ:
Ọ̀gá Tíṣà, ẹ ṣeun. Mo ka ohun tí ẹ kọ fún Màmá lórí fóònù. Wọ́n dákẹ́, wọ́n wá ní, "Ẹ gbé mi débi sàréè ọkùnrin yẹn." Ọ̀rọ̀ Graaff-Reinet ti parí nìyẹn.

Ẹnì kan dárúkọ Nieu-Bethesda fún ìyàwó mi, ó ní ilé kan tó kún fún òwìwí wà níbẹ̀. Ṣé mọ́tò wa lè débẹ̀?

Àǹtí_Kápù:
Ó lè débẹ̀. Láti Graaff-Reinet, kò ju bí 50 kìlómítà, ọlọ́dà sì ni tí ẹ bá yà ní ìkóríta àkọ́kọ́ tó wà níhà Graaff-Reinet. Erùpẹ̀ ni títì inú ìlú fúnra rẹ̀. Kò sí ilé epo níbẹ̀, kò sí ẹ̀rọ ATM, nítorí náà ẹ rọ epo kún ní Graaff-Reinet, kí ẹ sì mú owó rand dání.

Owl House ni ilé náà ń jẹ́. Obìnrin kan, Helen Martins, tí wọ́n bí lọ́dún 1897, ló ni ín. Nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ kú tán tó ku òun nìkan, ó pinnu pé ìmọ́lẹ̀ lòun fẹ́ nínú ilé òun. Ó lọ ìgò oríṣiríṣi àwọ̀ kúnná, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri àti àjà. Ẹ sún mọ́ ògiri yẹn dáadáa: pupa, ewé, ofeefee, ó rí ṣákaṣàka lọ́wọ́, tí iná àbẹ́là bá sì tàn sí i, gbogbo yàrá á máa kọ mọ̀nà. Ẹ wá bọ́ sẹ́yìnkùlé. Ràkúnmí, òwìwí, àwọn arìnrìn-àjò tó gbójú sókè, ọgọ́ọ̀rọ̀ ère tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ, ọ̀pọ̀ wọn ló kọjú sí ìlà-oòrùn.

Nǹkan tí mo máa ń tẹnu mọ́ rè é. Ọwọ́ Koos Malgas ló mọ púpọ̀ nínú àwọn ère yẹn. Ọkùnrin Coloured ni, irun àgùntàn ló ń rẹ́ kó tó wá bá obìnrin náà ṣiṣẹ́, wọ́n sì jọ wà lẹ́nu ẹ̀ fún ọdún 12 títí obìnrin náà fi kú lọ́dún 1976. Tí ẹni tó ń mú yín káàkiri bá dárúkọ Helen láìdárúkọ Koos, ẹ bi í.

Ibùdó kékeré kan tún wà ní ìlú yẹn tó ń ṣàfihàn egungun ẹran tó ti di òkúta, ẹran tó ti gbé ilẹ̀ ayé ṣáájú dáínósọ̀. Inú òkúta etí odò gbígbẹ tó gba inú ìlú kọjá ni wọ́n wà. Wọ́n á mú yín lọ wò wọ́n níbi tí wọ́n wà gan-an.

Táyà_Kẹrin:
Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ táyà kó tó pẹ́ jù.

Òkúta Karoo mú. Ọ̀nà R355, láti Ceres lọ sí Calvinia, tó bí 250 kìlómítà, òkúta wẹ́wẹ́ ni púpọ̀ rẹ̀, kò sí ìlú kan ṣoṣo láàárín, kò sí ilé epo. Òkúta pẹlẹbẹ abẹnu-ṣóńṣó ló kún ibẹ̀, ó máa ń la ẹ̀gbẹ́ táyà, ẹ̀gbẹ́ táyà tó bá sì là kò ṣeé lẹ̀. Ẹ má gbé mọ́tò kékeré tí ẹ yá débẹ̀.

Swartberg Pass tó wà lókè Prince Albert ni gbogbo ayé ń yà ní fọ́tò. Thomas Bain ló là á, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ló sì ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ọdún 1888 ni wọ́n ṣí i. Ó ga dé 1,583 mítà, erùpẹ̀ ni. Odi òkúta tó gbé ọ̀nà náà dúró, wọ́n tò ó láìfi sìmẹ́ǹtì kankan sí i, ó ṣì dúró digbí. Mọ́tò kékeré lè gùn ún nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí awakọ̀ bá ní sùúrù, ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé àdéhùn tí ẹ bá yá mọ́tò. Ọ̀pọ̀ ìwé yẹn ló sọ pé táyà, gíláàsì àti abẹ́ ọkọ̀ tó bá bàjẹ́ lórí ọ̀nà erùpẹ̀, ọrùn yín ló wà. Tí òjò bá rọ̀ tàbí yìnyín bá bọ́, wọ́n máa ń ti ọ̀nà náà.

Tí ẹ bá ṣáà fẹ́ la òkè yẹn kọjá, Meiringspoort ni ẹ gbà, ní N12. Ọlọ́dà ni, ó ń bá odò rìn láàárín àpáta pupa, ó sì sọdá odò náà ní ìgbà 25. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju Swartberg lọ, èmi nìkan kọ́ sì ni.

Lórí ọ̀nà erùpẹ̀ èyíkéyìí, 60 sí 80 ti tó. Tí mọ́tò kan bá ń bọ̀ níwájú, ẹ dín eré kù, ẹ fara mọ́ òsì, kí òkúta tó bá ta má fọ́ gíláàsì yín.

Awòràwọ̀:
Mo ti ń dúró kí ẹnì kan dárúkọ Sutherland, kò sẹ́ni tó dá a lé ẹnu!

Ẹ gba R354 láti Matjiesfontein, ọlọ́dà ni, bí 110 kìlómítà. Ìlú yẹn ga, ó tutù, ó jìnnà sí iná ìlú ńlá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé ẹ̀rọ awòràwọ̀ SALT kalẹ̀ síbẹ̀. Ọdún 2005 ni wọ́n ṣí i. Díńgí onígun mẹ́fà 91 ni wọ́n tò pọ̀ tí gbogbo wọn wá di ojú kan ṣoṣo tó fẹ̀ tó bí mítà 11. Àlejò ò lè fojú wò inú SALT fúnra rẹ̀, iṣẹ́ onímọ̀ ni wọ́n ń fi í ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń mú èèyàn wò ó lọ́sàn-án. Ní alẹ́, wọ́n ní ẹ̀rọ kéékèèké tí àlejò lè fi wòran. Ẹ gbọ́dọ̀ ti gba àyè sílẹ̀ kí ẹ tó lọ. Ẹ wo kàlẹ́ńdà, kí ẹ yan alẹ́ tí òṣùpá ò sí.

Àwọn abọ́ MeerKAT 64 tó ń gbọ́ ohùn ojú ọ̀run wà ní Karoo náà, ní apá Carnarvon, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ibi tí èèyàn ń kàn yà sí. Òfin dáàbò bo ibẹ̀ kí ìró fóònù àti rédíò má bàa da iṣẹ́ wọn rú.

Ọ̀nà_Jíjìn:
Àbúrò mi Awòràwọ̀, ìyá àgbà ló ń lọ o. Alẹ́ Sutherland lóṣù kẹsàn-án ṣì lè tutù dé ibi tí omi ti ń dì. Kí wọ́n rò ó dáadáa.

Mo sì fẹ́ sọ èyí: mo ti ka gbogbo ohun tí Àǹtí àti Ọ̀gá Tíṣà kọ. Nígbà tí mo bá tún ń lọ, màá gba N9.

Àǹtí_Kápù:
Inú mi dùn sí ìyẹn, ẹ̀gbọ́n.

Ó ku ìparí ọ̀nà. Láti Graaff-Reinet, ẹ gba Aberdeen dé Beaufort West, bí 210 kìlómítà. Ẹ jẹun ọ̀sán níbẹ̀, kí ẹ yà sí mùsíọ́mù wọn. Ìlú yẹn ni wọ́n ti bí Christiaan Barnard, dókítà tó kọ́kọ́ pààrọ̀ ọkàn èèyàn sí àyà ẹlòmíì, ní Cape Town lọ́jọ́ 3 oṣù kejìlá 1967. Lẹ́yìn náà, ẹ wá sùn ní Prince Albert.

Ohun tí mo fẹ́ kí Màmá rí ní Prince Albert ni omi. Láti orí òkè Swartberg ni omi ti ń ṣàn wá, ojú àgbàrá tóóró tó gba etí títì ló ń gbé e kiri ìlú. Ilé kọ̀ọ̀kan tó ní ẹ̀tọ́ sí i ló ní wákàtí tirẹ̀. Tó bá kàn ẹ́, o ó jáde pẹ̀lú aago lọ́wọ́, o ó gbé ilẹ̀kùn irin kékeré sókè, omi á yà sí ọgbà rẹ. Tí wákàtí rẹ bá pé, o ó tì í, ó kan aládùúgbò. Bí ìlú ṣe ń jẹ́ ìlú láàárín ilẹ̀ gbígbẹ nìyẹn, èso ólífì àti ọ̀pọ̀tọ́ sì kún ẹ̀yìnkùlé wọn.

Ẹ má rò pé omi ò lè pọ̀ lápọ̀jù níbẹ̀ o. Ẹ ó gba Laingsburg kọjá. Ní ọjọ́ 25 oṣù kìíní 1981, òjò rọ̀ sórí ilẹ̀ tó ti gbẹ tó sì ti le débi tí kò lè mu ún, odò kún bo ìlú láàárín wákàtí díẹ̀, èèyàn tó lé ní 100 bá a lọ. Mùsíọ́mù kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń sọ ìtàn ọjọ́ náà.

Matjiesfontein ni mo fẹ́ kí ẹ fi parí, bí 240 kìlómítà sí Cape Town. Títì kan, ibùdókọ̀ ojú irin kan, hòtẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1899. James Logan, ará Scotland tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè, ló dá a sílẹ̀. Nígbà ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Boer, wọ́n sọ hòtẹ́ẹ̀lì náà di ilé ìwòsàn fún sójà. Wákàtí méjì ti tó ibẹ̀.

Bísí_ń_rìn:
Oúnjẹ ńkọ́?

Táyà_Kẹrin:
Ẹran àgùntàn Karoo! Igbó kúkúrú olóòórùn dídùn tó ń jẹ wà nínú adùn ẹran náà. Ṣùgbọ́n wọn kì í fi ata sí i tó, ẹ gbé ata gígún dání. Ṣọ́ọ̀bù sì máa ń tì láàárín ọ̀sán Sátidé láwọn ìlú kéékèèké, ọ̀pọ̀ kì í ṣí lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ ra ohun tí ẹ máa jẹ sílẹ̀.

Ọmọ_Ẹdẹ:
Ẹ̀yin ará, ẹ ṣeun púpọ̀. A jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà lálẹ́ àná. Oorun kan ní Colesberg, méjì ní Graaff-Reinet, a ó fi ọjọ́ kan nínú rẹ̀ lọ sí Nieu-Bethesda. Méjì ní Prince Albert, ká lè rí ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn omi. Lẹ́yìn náà, Laingsburg, Matjiesfontein, ó di Cape Town. Ó dùn mí pé a yọ Cradock kúrò, torí ìyàwó mi fẹ́ lọ débẹ̀. Ọ̀nà Swartberg, a ò ní gùn ún. A ó wo òkè náà láti ìsàlẹ̀.

Sutherland la ṣì ń jiyàn lé lórí. Èmi ní kí a fò ó nítorí òtútù. Màmá ní ṣé torí pé àwọn dàgbà ni àwọn ò fi ní rí ìràwọ̀.

Awòràwọ̀:
Màmá ti dájọ́. Bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì, fìlà onírun, tíì gbígbóná nínú fúláàsì. Ẹ fi alẹ́ Sutherland rọ́pò oorun Prince Albert kan.

Àǹtí_Kápù:
Tí ẹ bá ń gba yàrá, ẹ ṣọ́ra fún ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án. Ọjọ́ ìsinmi gbogbogbòò ni, Heritage Day, ilé àlejò á sì ti kún ní Prince Albert àti Graaff-Reinet. Ẹ pè wọ́n lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ yàrá tí kò ní àtẹ̀gùn fún Màmá.

Táyà_Kẹrin:
Ẹ ṣí búùtù kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Ẹ fọwọ́ tẹ táyà ìpààrọ̀ bóyá afẹ́fẹ́ wà nínú ẹ̀, ẹ wo jáàkì, ẹ wo sípánà. Tí ọ̀kan ò bá sí, ẹ má gbé mọ́tò náà kúrò níbẹ̀.